Bí a ṣe ń fi etí gbọ́ ìmọ́lẹ̀

Lọ́dún 1880, Alexander Graham Bell àti Charles Sumner Tainter rí i pé bí ìtànṣán oòrùn bá ń kọ lu nǹkan dúdú ní ìdáwọ́dúró-ìdáwọ́dúró, nǹkan náà á máa dún. Ohun dúdú ń gba ooru ìmọ́lẹ̀, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ gbóná kó sì wú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ á tún sún kì. Wíwú àti sísúnkì yìí ló ń di ìgbì ìró. Ẹ̀yin náà lè gbọ́ ọ.

Ẹ wá ìgò tó mọ́ gaara, tó ní ọmọrí onírin. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan sí ọmọrí náà.

Ẹ tan àbẹ́là, kí ẹ dojú ìgò kọ iná rẹ̀ títí inú ìgò yóò fi dúdú fún èéfín. Ẹ máa yí i o, nítorí bí iná bá dúró sójú kan, ìgò lè sán. Nígbà tó bá tutù, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé, kí ẹ wá dé e pinpin.

Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ló dára jù. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù á máa mọ́, á sì máa rẹ̀ díẹ̀, nígbà 100. Ojú kì í rí i. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ sí gílóòbù láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, kí ẹ fi etí lé ihò náà. Ẹ ó gbọ́ ìró kan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ibi tó pa rọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe gílóòbù fúnra rẹ̀ ló ń kùn? Ẹ fi páálí dí ìmọ́lẹ̀ náà. Bí ìró bá dákẹ́, inú ìgò ló ti ń wá. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì lásán kò ní mú kó dún, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó, nítorí kì í ṣẹ́jú.

Lésà alágbára, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tóóró tó le gan-an, kò nílò èéfín rárá kó tó mú kí afẹ́fẹ́ dún. Ìtànṣán rẹ̀ lè má pẹ́ ju ìdá bílíọ̀nù mélòó kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, síbẹ̀ bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tú ká, á sì gbóná tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì. Á wú lójijì, á yára ju ìró lọ, á sì sán pàá, bí mànàmáná ṣe ń bí àrá. Kò ní jìnnà kí ìgbì náà tó rọlẹ̀ sí ìwọ̀n eré ìró lásán, nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má dán èyí wò nílé: ìtànṣán rẹ̀ lè fọ́ni lójú kéèyàn tó ṣẹ́jú.