Bí mo ṣe gba 300 lára ọkọ̀ òkè nínú Space Invaders

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oríire ni wọ́n fi ń gba máàkì 300 lára ọkọ̀ tó máa ń sáré kọjá lókè nínú Space Invaders, gémù tí a ti ń yìnbọn fún àwọn ọ̀tá tó ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Kì í ṣe oríire rárá, kíkà ni. Gémù tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé iṣẹ́ Taito ní Japan lọ́dún 1978 máa ń ka gbogbo ọta tí a bá yìn, ì báà bà, ì báà tàsé. Ọta kẹtàlélógún ló ní 300 nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọta kẹẹ̀ẹ́dógún ni.

Ẹ̀rọ ńlá tí èèyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ọ̀tá 55 ló tò sí ìlà márùn-ún, odi mẹ́rin sì wà níwájú mi. Mi ò yìnbọn káàkiri. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń pa wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí pé ìgbà tí wọ́n bá kan etí ojú ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀wọ́ wọn bá ṣe tín-ín-rín tó, ni ọ̀nà tí wọ́n máa rìn dé etí á ṣe gùn tó.

Mo ń kà á sókè ketekete. Nígbà tó pé méjìlélógún, mo gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, mo sá sábẹ́ odi. Ibí yìí ló le jù: ọta ń rọ̀ lé mi lórí, mi ò sì gbọdọ̀ dá a padà. Bí ọkọ̀ náà ṣe yọ, ibi tó ń lọ ni mo yìn sí, kì í ṣe ibi tó wà. 300! Mo pariwo.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá ku méje kẹ́ ẹ tó máa retí ọkọ̀ òkè mìíràn, kò ní yọ mọ́. Eré wọn á sì ti le gan-an nígbà yẹn, nítorí ọ̀tá kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń sún lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni ó ń tètè kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Space Invaders ti inú ilé, èyí tí Rick Maurer ṣe fún ilé iṣẹ́ Atari lọ́dún 1980, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀. Ọ̀tá 36, odi mẹ́ta. Kò sí pé à ń ka ọta níbẹ̀: 200 ni ọkọ̀ òkè, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá yìn ín. Mo di bọ́tìnnì Reset mú kí n tó tan ẹ̀rọ náà, ìbọn mi sì ń yọ ọta méjì léra. Ìyẹn dùn, àmọ́ oríṣi eré 112 tó wà nínú rẹ̀ ló mú mi jókòó pẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọ̀tá tí a kì í rí: bí ọta bá ba ọ̀kan, gbogbo wọn á hàn fìrí, wọ́n á tún pòórá.