Bí mo ṣe dúró ti ìbò wa títí wọ́n fi kà á tán

Ọdún 2018 ló là mí lójú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò gómìnà Ọ̀ṣun tán, ìbò 353 péré ni Adémọ́lá Adélékè fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. Àjọ INEC ní ìdìbò ò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje, bó ṣe di pé Oyètọ́lá fi ìbò 482 borí nìyẹn. Ibùdó méje nínú gbogbo ìpínlẹ̀! Kó tó dìgbà yẹn, èmi a máa tẹ̀ka tán ni, màá sáré wálé lọ jẹun, orí rédíò ni màá ti gbọ́ ìyókù.

Nítorí náà, nígbà tí ìdìbò gómìnà míì bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, mo ní èmi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn á fi lẹ èsì mọ́ ògiri.

Ìwé kan tí ọmọ mi fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ni mo mú dání, pẹ̀lú bírò méjì, fóònù tí mo ti ṣáàjì kún fọ́fọ́, búrẹ́dì, omi, àti agboòrùn. Agboòrùn yẹn ló wúlò jù. Òjò oṣù Keje kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ìdìbò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ ń ka ìka, bí ìka bá kọ̀, á wo ojú. Bàbá kan tí iṣẹ́ bíríkìlà ti bó ìka rẹ̀ dan gbìyànjú títí, ojú ni wọ́n fi dá a mọ̀ níkẹyìn, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Wàhálà gidi wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn kan dúró síbẹ̀ tí wọn ò tò sórí ìlà, àwọn èèyàn sì ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ni wọ́n fi ń ra ìbò, “Dìbò kó o sebẹ̀” tí a máa ń pè é náà ni. Ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa, tó wà níwájú mi, yíjú sí mi.

“Wọ́n ní kí n na ìwé náà sókè kí àwọn rí i, kí n tó jù ú sínú àpótí.”

“Ẹ sì gbà fún wọn, ìyá?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìka tèmi ṣáà ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́.”

Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ka ẹni tó fúnni lówó àti ẹni tó gbà á sí arúfin, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fi ebi èèyàn tajà wúwo jù.

Aago méjì ààbọ̀ lù, àwọn tó wà lórí ìlà dìbò tiwọn tán. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wálé, ibí gan-an sì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rèé: kí wọ́n tó tú àpótí, òṣìṣẹ́ tó ṣe olórí ibùdó ka iye èèyàn tí BVAS dá mọ̀ jáde. Mo ń já búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà náà! Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un ka, ó sì tún un ka. Mo kọ ọ́ sí òkè ojú ìwé gàdàgbà. Iye yẹn ni odi. Tí a bá ro ìbò tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Wọ́n ya ìwé ìbò sọ́tọ̀ ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé wọn sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò sì ń bá wọn kà á: “Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!” Mo ń fa igi sínú ìwé mi. Nígbà tí wọ́n parí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, tèmi fi ẹyọ kan dín. Mo ti múra ìjà kí n tó rántí pé ìyá ẹlẹ́kọ gbá mi léjìká, tó ń béèrè omi. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kà á pé. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ìwé kan wà tí ìtẹ̀ka rẹ̀ dábùú àárín ẹgbẹ́ méjì, aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń pariwo pé orí àmì tàwọn ló wà. Wọ́n fi han gbogbo wa, wọ́n kà á mọ́ èyí tó bàjẹ́.

Wọ́n kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú fọwọ́ sí i, wọ́n fi BVAS ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ EC60E, ìwé èsì tí gbogbo èèyàn lè kà, mọ́ ògiri. Fọ́tò tí èmi kọ́kọ́ yà, òjìji orí mi ló kún inú rẹ̀. Mo yípo, mo tún un yà kí nọ́ńbà ibùdó àti gbogbo iye hàn kedere. Nírọ̀lẹ́, mo wọ IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, tí mo ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, mo yan ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó wa. Fọ́tò fọ́ọ̀mù wa ti wà níbẹ̀. Mo fi wé tèmi láti ìlà dé ìlà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kéde: Adélékè 403,371, Oyètọ́lá 375,027. Mo rò pé ó parí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò náà ní ìbò ju iye tí BVAS dá mọ̀ lọ ní ibùdó 744, wọ́n gbé e fún Oyètọ́lá. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí Adélékè múlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún.

Alẹ́ tí ìdájọ́ àkọ́kọ́ jáde ni mo wá ìwé yẹn kiri ilé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i. Ọmọ mi ti ya ewúrẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé náà, àmọ́ iye tó wà lókè ò parẹ́. Mo ṣí fọ́tò, mo ro àwọn iye náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bára mu. Mo bá fa ojú ìwé náà ya, tòun ti ewúrẹ́, mo kó o sínú ọ̀rá tí káàdì ìdìbò mi wà.