Omi Ọyán ń bọ̀: bí ẹ ṣe lè gba ẹja yín là

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ní Àgbóyì, Ìṣẹ̀rì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ má dúró dìgbà tí omi bá bo pọ́ǹdì kí ẹ tó gbéra. Bí omi ṣe ń ṣàn ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe bó ṣe ga nìkan.

Odò Ògùn ni omi ìsédò Ọyán ń bọ́ sí, kó tó gba ọ̀dọ̀ wa wọ Ọ̀sà. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní in lọ́kàn kó máa fún wa ní iná mẹ́gáwáàtì 9. Tí òjò bá ti pọ̀, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má bàa ya. Ọjọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ ìkéde ni kí ẹ ta èyí tó tó tà. Àwọn oníbàárà mi tó ń yan ẹja ní Kétu ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ dín díẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ fi àwọ̀n yí pọ́ǹdì ká, kó ga ju etí rẹ̀ lọ ní mítà kan, kí ẹ sì ri ẹsẹ̀ àwọ̀n náà mọ́ ẹrẹ̀ dáadáa. Àrọ̀ a máa kọjú sí ibi tí omi tuntun bá ti ń wọlé. Ihò kékeré nísàlẹ̀ ti tó o. Ẹ dí páìpù tó ń fa omi odò. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, torí ẹja tó yó ń lo afẹ́fẹ́ inú omi púpọ̀.

Àìtó afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló ń pa wọ́n jù. Omi ìsàlẹ̀ ìsédò tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó lè rí òmíràn gbà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí gọ́tà àti ewé jíjẹrà tó gbá mọ́ra á tún máa jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ wo pọ́ǹdì kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀pìyà ni kí ẹ wò: àrọ̀ lè yọrí mí atẹ́gùn, ẹ̀pìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Bó bá ti ń yanu lójú omi, ẹ gbé pọ́ǹpù, kí ẹ máa fọ́n omi sókè kó máa bọ́ padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kó má jẹ́ kó wálẹ̀ ju míligíráàmù 5 nínú lítà kan lọ.

Ẹ̀yin apẹja tí ẹ ń rìn dé ẹsẹ̀ ìsédò, ẹja pọ̀ níbẹ̀ torí pé wọn kò rí ọ̀nà gòkè mọ́ ni. Ẹ jìnnà síbẹ̀, fún ẹ̀mí yín àti fún tiwọn. Níbi tí ẹ̀rọ iná ti ń ṣiṣẹ́, bíi Kainji tó jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760, ẹja tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, irin lè gé e. Bí kò bá gé e, omi tó fún un pọ̀ á dẹ̀ lójijì, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á bẹ́.

Tí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn, omi á fà kíákíá, ọmọ ẹja á há sínú kòtò. Ẹ bá mi la ojú omi fún wọn, tàbí kí ẹ fi garawa kó wọn padà sódò kí oòrùn tó mú.