Kíkọ́ Kẹ̀kẹ́ Márúwá Lẹ́yìn Ọgọ́ta Ọdún ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì kó tó fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé kò ní dà mí nù?" Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró sójú kan, kò lè dà yín nù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, kò sì bèèrè pé kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gbé e ró bí ọ̀kadà. Kọ́nà ló ń dà á dé. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ sínú kọ́nà pẹ̀lú ẹni tó gùn ún. Mọ́tò ní ẹsẹ̀ méjì níwájú tó ń dì í mú. Kẹ̀kẹ́ kì í tẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ní níwájú, láàárín gbùngbùn. Bẹ́ ẹ bá fi eré ṣẹ́ kọ́nà, kò sí nǹkan kan ní igun iwájú tó máa gbà á dúró.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti wa mọ́tò fún ọgbọ̀n ọdún ló ní iṣẹ́ jù níbi ẹ̀kọ́ yìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa wá kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń já ẹ́ńjìn kúrò lára jíà fúngbà díẹ̀) tí kò sí níbẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wọn kòtò bí ẹni wà nínú mọ́tò. Ìyá tí kò wa nǹkan kan rí lè tètè mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ẹ yẹ ara wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ojú ló ṣáájú: bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ lálẹ́ bá ń fọ́n ká lójú yín bí ìràwọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba, kẹ́ ẹ sì fi wíwakọ̀ mọ sí ọ̀sán títí wọ́n á fi sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti mọ̀ bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ òun ṣì ń mọ nǹkan lára, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì. Ẹ di ojú, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ fi òwú kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan; bẹ́ ẹ kò bá mọ èyí tó fọwọ́ kàn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Àwọn oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kan wà tó ń kunni lóorun, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Ẹ má torí kẹ̀kẹ́ dá oògùn yín dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà àkókò tó yẹ kẹ́ ẹ máa lò ó.

Ọwọ́ òsì tún wà níbẹ̀. Òun ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì ń yí jíà. Ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí wọn kò tan, kẹ́ ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá láì sinmi. Bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n kẹ́ ẹ tó dé ogún, ó lè má jẹ́ làkúrègbé rárá. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ tàbí tó ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán máa ń le bí irin. Kí mẹkáníìkì fi ọ́ìlì sí i tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, kó sì ṣètò rẹ̀ tí ọ̀pá tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ fà fi máa ní àyè díẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 3, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, jíà kò ní wọlé dáadáa. Bí kò bá sí àyè rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa jó.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí èyí tẹ́nì kan ti lò lẹ ń rà, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lọ wò ó. Ẹni tó bá ti tan án sílẹ̀ dè yín lè máa fi nǹkan pamọ́. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, pàápàá ibi tí irin iwájú ti so mọ́ ara kẹ̀kẹ́: bẹ́ ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti tún irin jó pọ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sórí jáàkì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mi táyà náà sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ máa ró "kọ̀-kọ̀-kọ̀". Táyà tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ ń sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ náà kò tọ́ mọ́. Bí wọ́n bá tan án, tí èéfín rẹ̀ sì ní àwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìn ti ń jẹ ọ́ìlì. Kí nọ́ńbà ara kẹ̀kẹ́ àti ti ẹ́ńjìn bá ti inú ìwé mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó jẹ́ èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ti àtijọ́ ni ìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó wà nígboro báyìí, epo nìkan ló ń mu, ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ẹ́ńjìn.

Ní ti ìwé, ẹ má gbà pé láísẹ́ǹsì mọ́tò tó wà lápò yín ti tó. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ ti ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, V.I.O., àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, á dán yín wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya fọ́tò yín, tẹ́ ẹ ó sì tẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé èrò, kó lọ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní gáréèjì tó fẹ́ máa ti gbé e kó tó gbé ẹni àkọ́kọ́.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ gan-an. Pápá ilé ìwé lásìkò ọlidé dára, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ tó le, tó gbẹ, tí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má kọ́ ọ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan tuntun, àṣìṣe ló ń há sórí.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má tan kẹ̀kẹ́ rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí epo, ọwọ́ òsì ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì tó sì ń yí jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì kò níṣẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí, ẹ yí jíà, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà láì jẹ́ pé ojú wò ó. Ẹni tí kò bá fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí ni jíà ń há mọ́ lọ́wọ́ láàárín nọ́ńbà méjì, tí ẹ́ńjìn á máa pariwo lásán tí kẹ̀kẹ́ kò ní lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tan án, ẹ fi í sí jíà kìíní. Ẹ máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbéra. Ẹ dá ọwọ́ dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, kẹ́ ẹ tó tú ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀. Ẹ rìn bíi mítà mẹ́wàá, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dúró. Ogún ìgbà. Bó bá ń kú, ẹ ti tètè tú kílọ́ọ̀ṣì jù. Bó bá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, epo ló pọ̀ jù. Àwọn àgbà máa ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin níbi yìí, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún sì ti ń ṣèèṣì yí epo sí i nígbà tí jìnnìjìnnì bá mú wọn. Ẹ fi ìka di í mú bí ẹni di ife omi mú.

Jíà ẹ̀yìn ní ọ̀pá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó fà á. Bẹ́ ẹ bá fà á nígbà tó ṣì ń rìn, eyín jíà lẹ ń jẹ yẹn.

Bí lílọ àti dídúró bá ti wọ̀ yín lára, kọ́nà ló kàn, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ti lo ọjọ́ púpọ̀. Ẹ gbé táyà àlòkù méjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi mítà mẹ́jọ sáàárín wọn, kẹ́ ẹ máa yí wọn ká bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Ìwọ̀n eré tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kánkán ń rìn ni kẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì wà fún iwájú kọ́nà, kì í ṣe inú rẹ̀: ẹ dín eré kù tán, ẹ wá ṣẹ́ ẹ, ẹ fún un lépo díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń jáde. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì nínú kọ́nà ń ti gbogbo ìwúwo kẹ̀kẹ́ síwájú, sí igun tí kò ní táyà. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá gbéra, ẹ tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà sí tààrà díẹ̀, ẹ dín epo kù, ẹsẹ̀ náà á padà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ẹsẹ̀ ara yín síta láti fi gbé e ró. Àṣà ọ̀kadà nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ á kàn tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹrù. Kẹ̀kẹ́ òfìfo àti kẹ̀kẹ́ tó gbé èèyàn mẹ́ta kì í ṣe ọ̀kan náà: èyí tó lẹ́rù kì í tètè dúró, kì í sì í tètè gbéra ní òkè. Àpò iyanrìn méjì tàbí mẹ́ta lórí ìjókòó ẹ̀yìn á kọ́ yín. Àpò gàrí náà ṣe é ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa fi gàrí ṣeré! Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín níwájú. Gbogbo ayé ń ṣe é, àmọ́ ìgbúnwọ́ onítọ̀hún kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí tán, ìwúwo rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níwájú.

Kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títì, ọ̀rọ̀ kòtò. Pẹ̀lú mọ́tò, ẹ lè jẹ́ kí kòtò kọjá láàárín táyà méjì. Kẹ̀kẹ́ ní táyà níbẹ̀ gan-an. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí 4.00-8: ojú irin rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́jọ lọ, kòtò tí mọ́tò kò kà sí lè gbé e mì. Bí kò bá sí àyè láti yẹra, ẹ dín eré kù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan wọ inú kòtò náà, kí ti iwájú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ńpù ní tirẹ̀, ẹ kọjú sí i tààrà. Ẹni tó bá gun bọ́ńpù lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí èkejì tó dé.

Òpópónà àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Òkè-Ajé sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbègbè ààfin Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹṣin kò mọ fèrè. Láti Ìlíṣàn sí Ìkẹ́nnẹ́ dára fún ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kọ́ ọ. Èrò tiwa ni pé kẹ́ ẹ má gun ọ̀nà márosẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ti Èkó sí Ìbàdàn ní ìhà Ògèrè, ì báà jẹ́ èyí tó gba Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ̀. Atẹ́gùn tírélà tó bá sá kọjá lára yín nìkan tó láti ti kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà òjò, yẹ̀pẹ̀ pupa àwọn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹ lo jíà kejì, ẹ má yí epo lójijì. Ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni ẹ́ńjìn wà, nítorí náà ẹ má wọ àgbàrá tẹ́ ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá la omi kọjá, ẹ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ ẹ ṣe ń lọ kó lè gbẹ. Bíréèkì tó tutù kì í mú.

Láràárọ̀, kí ẹ́ńjìn tó gbóná, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ títẹ́jú kẹ́ ẹ wọn ọ́ìlì. Ẹ tẹ bíréèkì: bó bá rọ̀ wọlé títí, tó jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ló tó le, òróró rẹ̀ ń jò tàbí atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́, ẹ má gbé e jáde. Ẹ wo táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹ̀yìn ń gba atẹ́gùn ju ti iwájú lọ. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí sílípáàsì máa ń yọ bọ́ sábẹ́ bíréèkì. Bẹ́ ẹ bá ti wà lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ ṣí ìka yín kẹ́ ẹ sì pa á dé.

Bó bá dalẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́ nìkan níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìn, ẹ fi jíà kìíní sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi òkúta sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bó bá jẹ́ irú tó ní táàpù epo, ẹ tì í, kí epo má bàa máa jò sínú kábúrétọ̀ mọ́jú.