Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀: bí mo ṣe nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò lórí pírósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ni, HP EliteBook 840 G3, tòkunbọ̀ ni, pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i5-6300U ti Intel ló wà nínú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná, kò ṣe é gbé lé itan, fáànù ẹ̀ kì í sinmi, tó bá sì ti ṣí Zoom pẹ̀lú Chrome báyìí gbogbo ẹ̀ á wá máa wọ́ nílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi ló ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Mo fi Core Temp, app tó ń fi bí pírósẹ́sọ̀ ṣe gbóná tó hàn, sí i, mo rí i pé iṣẹ́ díẹ̀ báyìí ó ti wà ní 97, 98 dígírì, bẹ́ẹ̀ 100 ni Intel fi ṣe òpin fún pírósẹ́sọ̀ yẹn, tó bá ti ń sún mọ́bẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná. Mo ti fẹ́ eruku inú fáànù ẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀, kò yí nǹkan kan padà, ó wá ku thermal paste.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, orí pírósẹ́sọ̀ àti bàbà tó ń gba ooru lára ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n máa dán tó, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára wọn tí afẹ́fẹ́ ń há sí, afẹ́fẹ́ ò sì mọ ooru gbé rárá. Paste yẹn ni wọ́n fi ń dí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òróró silicone ni wọ́n fi po lẹ́búlẹ́bú bíi zinc oxide tàbí aluminium oxide. Kó gbóná kó tutù, kó gbóná kó tutù, òróró á máa sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyókù á gbẹ.

Spirit tí wọ́n ń pè ní isopropyl alcohol, èyí tó jẹ́ 99%, ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe. 70% tí kẹ́mísìtì sábà máa ń tà náà á ṣiṣẹ́, àmọ́ omi ló kù nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo ti rí ẹni tó ń lo petrol, mo ti rí ẹni tó lo nǹkan tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Mi ò lè ṣe é láyé mi. Petrol máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, acetone inú ìkejì sì máa ń jẹ ike. Tíṣù náà, ẹ gbàgbé ẹ̀, irun ló máa fi síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú ló dáa jù.

Mo kọ́kọ́ fi fídíò sí i kó gbóná díẹ̀ kí paste lè rọ̀, mo wá pa á pátápátá, mo tú ìdí ẹ̀, mo yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo tú àwọn skrú tó di bàbà yẹn mú díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódìkejì, mo rọra mì ín títí tó fi já fúnra ẹ̀. (Tó bá jẹ́ desktop AMD tó ń lo AM4, irú ibi tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù, ẹ kọ́kọ́ yí irin tó ń gba ooru yẹn sọ́tùn-ún sósì o, ẹ má fà á sókè gbuu, torí pírósẹ́sọ̀ yẹn lè bá a jáde, ẹsẹ̀ 1331 ló sì wà nídìí ẹ̀, tí ọ̀kan bá wọ́ wàhálà dé nìyẹn.)

Nígbà tí mo ṣí i, ojú méjì tó ń dán bíi gíláàsì ló wà níbẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Ńlá yẹn gangan ni pírósẹ́sọ̀, paste sì ti sá kúrò láàárín ẹ̀, ó dì sí etí yí i ká, ó le gbagidi bí àmàlà tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n mú ọ̀bẹ wá?” Mo ní fi ọ̀bẹ sílẹ̀ jàre. Ojú yẹn ò lágbára rárá, etí ẹ̀ lè kán. Ṣe ni mo rẹ aṣọ sínú spirit, mo tẹ́ ẹ lé e lórí, mo fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ìgbà tí mo máa nù ún ó ti ń wọ́ bọ̀ fúnra ẹ̀. Láti etí wá sáàárín ni mo ń nù ún kó má baà tàn ká, mo sì ń yí aṣọ sí ibi tó mọ́.

Ibi tó gba àkókò jù ni àwọn capacitor, ẹ̀yà iná kéékèèké tó wà lára bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé yẹn, paste ti wọ àárín wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni mo fi ṣe é, mo fi kan spirit, mo ń rọra yí i. Lára bàbà, etí káàdì ATM tó ti kú ni mo fi ti èyí tó nípọn kúrò kí n tó nù ún. Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n tó ṣókùnkùn lára bàbà lẹ́yìn tí aṣọ ti ń jáde ní mímọ́, ẹ fi sílẹ̀, àwọ̀ bàbà ló yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ má fìka kàn án mọ́, ọ̀rá ọwọ́ náà ọ̀rá ni.

Paste tuntun tó ń jẹ́ MX-4 ni mo fi sí i, kì í gbé iná. Ẹni tó ń sọ fún yín pé ẹ lo liquid metal (irin olómi) dípò paste, gallium ló wà nínú ẹ̀, ó ń gbé iná, ó sì máa ń jẹ aluminium, mi ò rí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ṣe nínú láptọ́ọ̀pù iṣẹ́. Mo fi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ńlá yẹn látòkè délẹ̀, mo dá bàbà padà, mo mú àwọn skrú le, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódìkejì.

Zoom àti Chrome yẹn náà ni mo tún ṣí, kò kọjá 76. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe tan tiyín báyìí ló ti fò lọ sí 90, ẹ pa á kíá, bàbà yẹn ni ò jókòó dáadáa. Ẹ tú u, ẹ nu gbogbo ẹ̀, ẹ fi paste tuntun sí i, torí èyí tẹ́ ẹ ti tẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ á ti wọ inú ẹ̀.