Bí o ṣe lè fi ìtàgbé kan ṣèwádìí ní mùsíọ́mù yunifásítì

Tí o bá ń kàwé ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè tàbí ti Ìjagun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí olùkọ́ sì ní kí o mú àkòrí wá fún àpilẹ̀kọ rẹ, má mú "àṣà Ìjẹ̀bú" lọ bá a. Ẹyọ ohun kan tó ṣeé fojú rí ni kí o mú. Ìtàgbé ni n óò fi ṣàpẹẹrẹ, aṣọ tí àwọn àgbà Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń fi sí èjìká.

Yunifásítì Ìbàdàn ní mùsíọ́mù ní ẹ̀ka àwọn awalẹ̀pìtàn. Kọ lẹ́tà síbẹ̀, kí olùkọ́ rẹ buwọ́ lù ú. Bèèrè bóyá wọ́n ní ìtàgbé. "Mo fẹ́ wá wo mùsíọ́mù" kò tó, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbafẹ́ nìyẹn.

Tí o bá débẹ̀, káàdì tí mùsíọ́mù kọ àkọsílẹ̀ aṣọ náà sí ni kí o kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe aṣọ fúnra rẹ̀. Da nọ́ńbà rẹ̀, ọdún tó wọlé àti ẹni tó mú un wá kọ. Pẹ́ńsùlù ni kí o lò, torí tí báírò bá ta sí aṣọ, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Fọwọ́, nù ún gbẹ, bọ́ òrùka, kó má baà fa òwú yọ. Jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́ aṣọ náà fún ọ. Wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, wo ṣàkì rẹ̀, ìyẹn òwú tó yọ sókè bí irun, kí o fi pẹ́ńsùlù ya àwọn ọnà ara rẹ̀, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀. Ṣé ọ̀nì nìyẹn àbí ọ̀pọ̀lọ́?

Ibí yìí niṣẹ́ ti wá dùn. Káàdì lè má sọ ju "aṣọ, Ìjẹ̀bú" lọ. Tẹ fọ́tò aṣọ náà sórí bébà ńlá (ojú àwọn àgbà kì í fẹ́ràn fóònù), kí o padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin ló ń hun aṣọ yìí, lórí òfì tó dúró lóòró, torí náà ìyá ahunṣọ ni kí o wá lọ. Kí i dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá," kí o jókòó díẹ̀, kí o tó mú fọ́tò jáde. Bèèrè orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan ní èdè Ìjẹ̀bú gan-an. Tí ọ̀rọ̀ bá kan Òṣùgbó, ohun tí wọ́n bá ní kí o má kọ, má kọ ọ́, ì báà dín máàkì rẹ kù.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba máàkì. Ìwọ padà lọ. Fi ojú ìwé méjì péré ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù náà: nọ́ńbà aṣọ, orúkọ ọnà, ẹni tó sọ ọ́ tó bá gbà kí o dárúkọ òun. Ohun tí wọn ò rówó rán ẹnikẹ́ni wá ṣe ní Ìjẹ̀bú lo ṣe fún wọn yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ á sì bá káàdì tó kún. Bí ìyá méjì bá pe ọnà kan lórúkọ méjì, kọ méjèèjì.