Ìlà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí replication tábìlì tí a pín nínú PostgreSQL

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dátábéèsì PostgreSQL 15 ni mò ń lò lórí server méjèèjì, logical replication ló sì ń kó ìlà láti ọ̀kan lọ sí èkejì. Mo ní tábìlì kan tó ń jẹ́ `isanwo`, oṣooṣù ni mo pín in sí: `isanwo_2024_01`, `isanwo_2024_02`, títí lọ. Mo ṣe publication (àkójọ tábìlì tí server kan ń fi ìyípadà wọn ránṣẹ́) fún tábìlì ìyá, ìyẹn `isanwo` fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ti ṣe publication mìíràn tẹ́lẹ̀ fún ìpín oṣù kejì nìkan. Mo wá dá subscription kan (ohun tí server kejì fi ń gba àwọn ìyípadà yẹn) sílẹ̀ tó gba méjèèjì pọ̀:

```
CREATE PUBLICATION pub_gbogbo FOR TABLE isanwo
  WITH (publish_via_partition_root = true);
CREATE PUBLICATION pub_osu2 FOR TABLE isanwo_2024_02;

CREATE SUBSCRIPTION sub_iroyin CONNECTION '...'
  PUBLICATION pub_gbogbo, pub_osu2;
```

Àwọn oṣù yòókù pé géẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà oṣù kejì ló wà níbẹ̀ ní méjì-méjì. Kò sí error kankan nínú log. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kó àwọn àṣẹ yín síbí, torí inú wọn gan-an ni ìdáhùn wà.

Nígbà tí ẹ bá dá subscription sílẹ̀, ohun tí subscriber (server tó ń gba ìlà) kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń bi publisher (server tó ń fi ìlà ránṣẹ́) léèrè àwọn tábìlì tó wà nínú àwọn publication tí ẹ kà fún un. Nínú tiyín, orúkọ méjì ló rí gbà: `isanwo` láti inú `pub_gbogbo` (`publish_via_partition_root = true` ló ń mú kí ìlà inú ìpín máa rìn pẹ̀lú orúkọ ìyá), àti `isanwo_2024_02` láti inú `pub_osu2`. Kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyá àti ọmọ ni wọ́n. Ó yan òṣìṣẹ́ (worker) kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ó lọ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ da `isanwo` kọ látòkè délẹ̀, oṣù kejì sì wà lára rẹ̀. Ìkejì tún lọ da oṣù kejì kọ lọ́tọ̀. Inú ìpín kan náà ni àwọn méjèèjì já ẹrù sí.

Ẹ wo èyí lórí subscriber, yóò ka àwọn tábìlì tí subscription mọ̀:

```
SELECT srrelid::regclass, srsubstate FROM pg_subscription_rel;
```

Bí ẹ bá rí tábìlì ìyá àti ọmọ rẹ̀ nínú àbájáde kan náà, ẹ ti mú olè náà. Kí ẹ lè mọ ibi tí ó dé, ẹ ka ìlà ìpín kọ̀ọ̀kan lórí server méjèèjì, kí ẹ wá fi wọ́n wéra:

```
SELECT tableoid::regclass, count(*) FROM isanwo GROUP BY 1;
```

Ẹ yọ publication kékeré náà kúrò nínú subscription yìí:

```
ALTER SUBSCRIPTION sub_iroyin DROP PUBLICATION pub_osu2;
```

Láti ẹ̀yà 14 ni àṣẹ yìí ti wà. Lórí ẹ̀yà 13, `SET PUBLICATION pub_gbogbo` ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó nílò oṣù kejì nìkan lórí server mìíràn ṣì lè máa lo `pub_osu2` níbẹ̀, kò sí wàhálà. Kí méjèèjì má ṣáà ti pàdé lórí subscriber kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Mo fi ìlà tuntun kan dán an wò lórí publisher, ẹyọ kan péré ló sì dé ọ̀hún. Ṣé ó ti tún ara rẹ̀ ṣe ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kò tún nǹkan kan ṣe. Àdàkọ àkọ́kọ́ nìkan ni àrùn yìí ń mú. Lẹ́yìn ìyẹn, publisher fúnra rẹ̀ ló ń pinnu orúkọ tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan á fi rìnrìn àjò. Nígbà tí publication kan ti wà tó ń gba orúkọ ìyá, orúkọ ìyá ni á lò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni á sì fi ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í fura: wọ́n á fi ìlà kan dánwò, á dé ní ẹyọ kan, ọkàn wọn á balẹ̀, nígbà tí ti àtẹ̀yìnwá ti bàjẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ bí ó bá jẹ́ subscription méjì ni ẹ dá sílẹ̀ lórí subscriber kan náà, tí ọ̀kan ń gba ìyá, tí èkejì ń gba ọmọ. Ìyẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Subscription kọ̀ọ̀kan ló ní slot tirẹ̀ (àmì tí publisher fi ń mọ ibi tó bá a dé), ọ̀kan ò mọ ohun tí èkejì ń ṣe, nítorí náà àdàkọ àkọ́kọ́ á di méjì, gbogbo ìlà tó bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á máa di méjì títí tí ẹ ó fi pa ọ̀kan. Ìwé PostgreSQL sọ ọ́ kedere pé ọwọ́ ẹni tó dá subscription sílẹ̀ ló wà láti rí i pé wọn kò gba tábìlì kan náà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí dátábéèsì ò kígbe? Primary key, tí kì í jẹ́ kí ìlà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, wà lórí tábìlì mi.

Ìdáhùn: Ó wà lórí publisher. Ẹ lọ wo ti subscriber. Logical replication kì í kó ìgbékalẹ̀ tábìlì lọ, ìlà nìkan ló ń kó. Ẹni tó bá lo `CREATE TABLE ... (LIKE isanwo)` láìfi `INCLUDING INDEXES` kún un, tábìlì tí kò ní key kankan ló dá sílẹ̀. Bí key bá wà níbẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé ì bá ti kọlu `duplicate key value violates unique constraint`, ì bá sì máa tún un gbìyànjú léraléra títí tí ẹ ó fi rí i nínú log. Àṣìṣe tó pariwo ni mo fẹ́ràn ní gbogbo ìgbà ju èyí tó dákẹ́ lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó dá subscription kankan sílẹ̀, ẹ fi key sórí tábìlì tó máa gba ìlà.

Bí ó bá jẹ́ INSERT nìkan ló ń wá láti publisher, tábìlì tí kò ní key yìí lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tí UPDATE àkọ́kọ́ bá dé ni apply worker (òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìyípadà sórí subscriber) á dúró, torí kò rí ohun tó lè fi dá ìlà mọ̀. Bí ẹnìkan bá sì ti lọ fi `REPLICA IDENTITY FULL` (kí gbogbo òpó ìlà àtijọ́ máa bá ìyípadà rìn láti fi dá ìlà mọ̀) sórí publisher kí error yẹn lè lọ, ẹ ṣọ́ra gidigidi: subscriber á wá ìlà tó bá a mu, ẹyọ kan tó bá kọ́kọ́ rí ni á yí padà, á fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìlà méjì tí wọ́n jọra tẹ́lẹ̀ á wá di ìlà méjì tó ń ta ko ara wọn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ wò wọ́n lórí server yẹn nìkan kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè yọ àwọn tó ti di méjì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dá subscription dúró pẹ̀lú `DISABLE`. Lẹ́yìn náà, lórí subscriber, inú ìpín náà gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é lórí tábìlì ìyá:

```
DELETE FROM isanwo_2024_02 a
  USING isanwo_2024_02 b
  WHERE a.id = b.id AND a.ojo = b.ojo AND a.ctid > b.ctid;

ALTER TABLE isanwo ADD PRIMARY KEY (id, ojo);
```

Mo tẹnu mọ́ ìpín nítorí `ctid`. Àdírẹ́sì ìlà nínú fáìlì tábìlì kan ni, ìpín kọ̀ọ̀kan ló sì ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti `(0,1)`. Lórí tábìlì ìyá, ọ̀pọ̀ ìlà láti inú oríṣiríṣi ìpín ni wọ́n á ní `ctid` kan náà, ẹ lè fi pa ohun tí kò yẹ. `ojo` tó wà nínú key náà kì í ṣe àṣejù: lórí tábìlì tí a pín, primary key gbọ́dọ̀ ní òpó tí a fi pín in nínú.

DELETE yìí dára níwọ̀n ìgbà tí publisher bá ní key lórí `id` àti `ojo`. Bí publisher kò bá ní, ìlà méjì tó jọra lè jẹ́ ìsanwó méjì lóòótọ́. Níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ yọ ohunkóhun. Ẹ pa subscription rẹ́, ẹ TRUNCATE tábìlì (kí ẹ kó gbogbo ìlà rẹ̀ dànù) lórí subscriber, kí ẹ sì dá a sílẹ̀ lọ́tun pẹ̀lú publication kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé subscriber ni ẹ wà kí ẹ tó tẹ àṣẹ yẹn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀yà 16 ti tún èyí ṣe. Ṣé kí n kàn gòkè?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Láti ẹ̀yà 16 tó jáde ní 2023, publisher á yọ ọmọ kúrò nínú àkójọ bí ìyá rẹ̀ bá ti wà nínú àwọn publication tí subscription kan náà béèrè pẹ̀lú `publish_via_partition_root`. Ṣùgbọ́n server méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní fọ èyí tó ti di méjì mọ́, kò sì ní gba ẹni tó ní subscription méjì sílẹ̀. Ẹ gòkè bí ẹ bá ti ń gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tìtorí èyí nìkan, mi ò ní gòkè.

Ìbéèrè: Èmi, publication kan péré ni mo ní, false sì ni `publish_via_partition_root` rẹ̀ wà látìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ yí i sí true. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ díẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ ni orúkọ wọn wà nínú `pg_subscription_rel` yín. Bí ẹ bá yí i sí true tí ẹ sì ṣe REFRESH (kí subscriber tún béèrè àkójọ tábìlì), `isanwo` nìkan ni publisher á kà. Subscriber á yọ àwọn ọmọ kúrò, á rí `isanwo` bí àlejò tuntun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo rẹ̀ kọ lé orí ohun tó ti wà nílẹ̀, torí pé true ni `copy_data` (dída ohun tó wà tẹ́lẹ̀ kọ) bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan.

Ẹ lè rò pé `copy_data = false` ti parí ẹ̀. Ó ku ibì kan. Láàárín ìgbà tí ẹ yí publication padà àti ìgbà tí ẹ ṣe REFRESH, ìyípadà á ti máa dé pẹ̀lú orúkọ ìyá, subscription ò sì tíì mọ ìyá. Á fò wọ́n dá láìsọ nǹkan kan. Ẹ ó sá fún ìlà méjì, ẹ ó wá pàdánù ìlà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dá kíkọ dúró lórí publisher, ẹ dúró kí `replay_lsn` nínú `pg_stat_replication` (ibi tí subscriber ṣe dé) bá `pg_current_wal_lsn()` (ibi tí publisher kọ dé), lẹ́yìn náà:

```
-- lórí publisher
ALTER PUBLICATION pub_gbogbo SET (publish_via_partition_root = true);
-- lórí subscriber
ALTER SUBSCRIPTION sub_iroyin REFRESH PUBLICATION WITH (copy_data = false);
```

Bí `isanwo` nìkan bá wà nínú `pg_subscription_rel`, tí ipò rẹ̀ sì jẹ́ `r` (ó ti ṣetán), ẹ lè ṣílẹ̀kùn fún kíkọ padà.

Ìbéèrè: Ìpín oṣù tuntun ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí `publish_via_partition_root` bá jẹ́ true, ẹ dá ìpín náà sílẹ̀ lórí subscriber kí ẹ tó dá a sílẹ̀ lórí publisher, ó tán. Bí ó bá jẹ́ false, ẹ dá a sílẹ̀ níbi méjèèjì, kí ẹ wá ṣe REFRESH.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù ni àtúnkó ìpín àtijọ́. Nígbà tí `publish_via_partition_root` bá jẹ́ true, TRUNCATE tí ẹ bá ṣe tààrà lórí ìpín kì í dé ọ̀dọ̀ subscriber. Bí iṣẹ́ alẹ́ yín bá ń TRUNCATE `isanwo_2024_02` kí ó tó tún kó oṣù náà wọlé, INSERT nìkan ni subscriber á rí: ti àtijọ́ á wà níbẹ̀, tuntun á gorí rẹ̀. Ẹ fi DELETE rọ́pò TRUNCATE yẹn nínú iṣẹ́ náà, torí DELETE ń dé ọ̀hún.